Ọdún tí Mo Dúró bí Òpó

Bí ẹ bá ń retí ìròyìn oṣù kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń tò ó lọ́dọọdún, ẹ foríjì mí. Nínú gbogbo ọdún yìí, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo rántí dáadáa. Ó dájú pé mo ṣiṣẹ́, mo sùn, mo sì san gbèsè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo ṣe ní oṣù kẹjọ, irọ́ ni n ó pa.

Èmi àti Bàámi, tí ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ sí alátakò rédíò nítorí pé wọ́n máa ń bá a jiyàn, jọ dúró ní ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Wọ́n ń sọ fún mi pé irú bàtà tí mo wọ̀ kò yẹ ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Wọn kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n fi ṣubú, tí wọn kò sì mí mọ́. Àwa tí a wà níbẹ̀ yóò tó ogún. Mo pariwo, mo yọ fóònù, mo sì dúró bí òpó, mo ń wo ojú fóònù náà bí ẹni pé òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló la èrò náà kọjá. Ó ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó gbé ọwọ́ kan lé èkejì ní agbedeméjì àyà Bàámi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á sókè láti ení títí dé ọgbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ohùn rẹ̀ ló ń gbọ̀n. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yé wò mí, ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn!” Ìgbà náà ni mo tó rántí ohun tí fóònù wà fún. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó béèrè ẹni tí yóò gbà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun kò ṣe irú rẹ̀ rí, ó sì ti kúnlẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán.

Ẹ mọ ìwádìí ọdún 1968 ti John Darley àti Bibb Latané, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, tí mo máa ń fi ṣe àwíjàre fún ìwà ojo mi. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohùn ẹni tí wárápá mú, tó jẹ́ ohùn inú téèpù lásán. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló gbọ́ ọ, ìdá 85 nínú 100 ló jáde wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń gbọ́, ìdá 31 péré ni. Ẹ mọ apá ibi tí mo wà.

Àbúrò mi, tí kì í jẹ́ kí n fara balẹ̀ banú jẹ́, ló fi ìwádìí mìíràn ránṣẹ́, èyí tó jáde ní 2019. Àwọn olùwádìí wo fídíò ìjà ojú pópó 219 láti Amsterdam, Cape Town àti Lancaster. Nínú nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó kéré tán, ẹnìkan nínú èrò dá sí i, bí èrò bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe túbọ̀ ń ṣeé ṣe kí ẹnìkan jáde. Ẹnìkan yẹn ni mo dì mú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa Wesley Autrey, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ní New York, tó bẹ́ sí ojú irin ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2007, tó fi ara rẹ̀ bo ẹni tí wárápá gbé ṣubú síbẹ̀, títí ọkọ̀ fi gba orí wọn kọjá. Gírísì ọkọ̀ náà kan fìlà rẹ̀. Ní tèmi, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré méjì tó fi sílẹ̀ lókè ni ọkàn mi ń lọ sí, nítorí èmi náà jẹ́ ọmọ tó dúró, tí bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ọwọ́ obìnrin ibùdókọ̀ yẹn àti ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kún ọjọ́ ayé Bàámi fún wa. Bàámi bá rédíò jà, wọ́n parí ọ̀rọ̀ bàtà, wọ́n sì sọ ohun kan fún mi ní alẹ́ ọjọ́ kan tí n kò ní kọ síbí. Ọ̀dọ̀ mi ni rédíò náà wà báyìí, ó ń purọ́ bó ṣe wù ú láìsí ẹni tó ń já a.

Ní oṣù kẹsàn-án, mo lọ kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà: kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó kéré tán, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Olùkọ́ ní mo ń tẹ ọmọlangidi náà bí ẹni tó ń jí ọ̀gá rẹ̀ lójú oorun. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ní ó ti sàn díẹ̀.

N kò mọ orúkọ obìnrin náà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dé, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó gbé àpò, ó sì sáré lé bọ́ọ̀sì tí kò dúró dè é. Ní àná, mo tún dúró níbẹ̀ nínú bàtà tí Bàámi kò fẹ́ràn, mo ń wo ojú èrò, mo ń gbìyànjú láti mọ ẹni tí yóò kúnlẹ̀ nínú wọn. N kò lè dá a mọ̀. Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká kan ṣoṣo, kí ó lè tètè bọ́.