Ẹ Ṣí Ojú Ewé Ìkẹyìn Wò Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ìwé eré Yorùbá àlòkù bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú ewé ìkẹyìn wò kẹ́ ẹ tó mówó jáde. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé ni.

Àpò ìrẹsì méjì tó kún fún ìwé ni mo rà n'Íbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tíṣà kan tó ti dolóògbé ló ni wọ́n, àwọn ọmọ ẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù, ìyẹn náà wá lóun ò ní tà á lẹ́yọ lẹ́yọ, kéèyàn gbé àpò tàbí kó fi sílẹ̀. Mo ní kó jẹ́ n tú u wò, ó ní "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá tú u, ta ló máa bá mi dì í padà?" Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò yarí, ẹ rántí pé Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ìwé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ló wà lókè àpò, èyí tí Oxford University Press tẹ̀ n'Íbàdàn ńbí, ìyẹn ni pé ó ti wà kó tó di 1978 tí wọ́n yí orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn sí University Press. Ta ló máa rí ìyẹn tó ṣì máa dúró ṣe àríyànjiyàn?

Nígbà tí mo délé, Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí ni mo kọ́kọ́ mú jáde. Iná ti lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá pín eré náà fáwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń ṣe Gáà, àbúrò ń ṣe Aláàfin Abíọ́dún, èmi ni gbogbo àwọn tó kù. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe gbádùn ẹ̀. Nígbà tá a dé ọ̀rọ̀ ikú Agbọ́nyìn, ọmọ Abíọ́dún tí Gáà ṣekú pa, omijé bọ́ lójú àbúrò, ó lóun máa gbẹ̀san, inú ti ń bí gbogbo wa sí Gáà, mo ṣí ewé tó kàn, páálí ẹ̀yìn ìwé ni mo bá. Mo tan iná fóònù sí i bóyá ewé lẹ̀ mọ́ra ni, rárá o, gọ́ọ̀mù gbígbẹ ló kù tó ń rún sí mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ wò mí, "Mọ́mì, ṣé wọn ò wá mú u mọ́ ni?" Kí ni kí n fi dá a lóhùn? Bó o láyà kó o ṣèkà, bó o bá rántí ikú Gáà kó o sòótọ́, ikú Gáà tá a fi ń pòwe yẹn gan-an ló já dànù! Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó kiri pálọ̀ pé òun ti borí.

Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn, ó ní ṣebí òun ò sọ pé ó pé. Tíṣà kan tí mo mọ̀ ló yá mi ní tiẹ̀, mo ṣe fọ́tòkópì ewé tó kù, wọ́n ti mú Gáà.

Ẹ gbọ́ o, ìwé eré tín-ín-rín tí wọ́n fi pínnì kàn láàárín, ewé tiwájú àti tẹ̀yìn ló so pọ̀, tí tiwájú bá ti já, ẹ tètè wo ẹ̀yìn. Tí pínnì bá ti dípẹtà, ewé àárín gangan ló máa kọ́kọ́ jábọ́. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ìdì ìdì ló ń já, ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, tó bá ti le gbagidi, ẹ sọ́ra. Ẹ ṣáà wo ojú ewé ìkẹyìn. Tẹ́ ẹ bá rí "aiye" àti "nwọn" nínú ẹ̀, àkọtọ́ àtijọ́ ni, ti ṣáájú 1974, ẹ má tìtorí ẹ̀ jù ú sílẹ̀. Tí kòkòrò bá wà níbẹ̀, ẹ wé e sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ kó o sí fírísà (tíná bá wà), ẹ má sá a sóòrùn, oòrùn ń jẹ́ kí bébà pọ́n kó sì máa kán.

Tẹ́ni tó ń tà á bá kọ̀ jálẹ̀ pé kẹ́ ẹ má tú u, ẹ nájà á bí ẹni pé ìdajì ẹ̀ ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú ẹ̀.