Etí náà ń wa mọ́tò

Nínú takisí Micra tó ń ti Òjòó lọ sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, dírẹ́bà fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó ń fi èkejì ka ṣéńjì. Ìyá àgbà kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Dírẹ́bà, sọ fóònù yẹn kalẹ̀ o!" Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ojú ni mo fi ń wa mọ́tò, kì í ṣe etí." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé òfin ò sí nílé. Nígbà tí mo fi ń kúrò ní Ìbàdàn, ₦4,000 ni owó ìtanràn àwọn Road Safety. Dírẹ́bà mọ̀ ọ́n, ó sì mọ ibi tí wọ́n máa ń dúró sí.

Manchester ni mo wà báyìí. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti fòfin de dídi fóònù mú nídìí ọkọ̀ níbí. Ní 2017, ìyà rẹ̀ di owó ìtanràn £200 àti póìntì 6, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 2 tó yege ìdánwò, póìntì 6 yẹn ti tó láti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2022, wọ́n fi fọ́tò yíyà àti orin yíyàn kún un. Bí iná pupa bá dá ọ dúró, kì í ṣe àwáwí.

Ṣùgbọ́n wọ́n fàyè gba kí fóònù máa sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ ọkọ̀, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí sítíárìn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣèèyàn léṣe. Ẹ̀gbọ́n mi pè lórí ilẹ̀ bàbá wa tí àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí. Ojú mi wà lójú títì, àmọ́ ọkàn mi ti dé orí ilẹ̀, mo ń bá wọn fa wàhálà. Obìnrin kan ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ sọdá. Mo rí i. Rírí náà ni kò tètè dé ẹsẹ̀ mi. Ní 30 máìlì ní wákàtí, bíi mítà 13 lọkọ̀ ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Mo dúró tán kẹ̀kẹ́ ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọkọ̀ mi. Kò bú mi, ó kàn wò mí. Ì bá kúkú bú mi.

Òyìnbó tó bá pè mí tí n kò gbé e, á fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Tiwa ńkọ́? "O ò gbé fóònù mi!" Ẹjọ́ nìyẹn. Bó o bá sì gbé e, ṣé àlàáfíà ni, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù ńkọ́. Ta ni yóò já fóònù mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lójú nítorí ìkóríta?

Mo ti ṣàlàyé fún màmá mi. Báyìí, ohun tó kọ́kọ́ ń bi mí ni, "Ṣé o ò sí nídìí ọkọ̀?" Kí n tó lanu, ó ti bẹ̀rẹ̀: "Ó dáa, má dáhùn, ṣáà máa gbọ́."