Sydney ni wàhálà wà, Òṣogbo la ti ń sáìn
2020 lọ́hùn-ún, àǹtí mi tó ń gbé ní Sydney, ní Australia, fi líǹkì ìwé ẹ̀hónú kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ká bá àwọn sáìn o, ìjọba ibẹ̀ fẹ́ yọ àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó èrò láti Circular Quay, èbúté àárín ìlú náà, lọ Manly, àdúgbò kan létí òkun, bẹ́ẹ̀ Freshwater tó ṣáájú nínú wọn, láti 1982 ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé tó èèyàn 1,100 lẹ́ẹ̀kan! Wọ́n ń gẹ irun mi lọ́wọ́ l'Ókè-Fìà, ni ẹ̀gbọ́n tó ń gẹ̀ ẹ́ bá pa kílípà, wọ́n yọjú wo fóònù mi: "Ṣé odò Ọ̀ṣun ni wọ́n fẹ́ gbé e gbà ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé, ni wọ́n bá ní kí n kọ orúkọ tàwọn náà sí i, pé ká ní a pariwo báyìí lórí rélùwéè tiwa ni 😂 Ìjọba ọ̀hún padà gbọ́ ṣá, wọn ò yọ gbogbo ẹ̀.