Àròpín Kò Bá Mi San Owó Ilé

Lọ́dún tí wọ́n fún mi níṣẹ́ ní ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà níbí, mo rò pé mo ti wádìí tán kí n tó kó ẹrù. Ìlú kékeré ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé nígbà náà, ọmọ méjì wà lọ́wọ́ wa, owó ilé kò sì gun wá lára. Owó oṣù tuntun tí wọ́n gbé síwájú mi fi ìdá 20 nínú 100 ju èyí tí mo ń gbà lọ. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo wá nọ́ńbà tí mo rò pé ó ń sọ bí ọjà ṣe wọ́n tó ní ìlú náà, mo wá ti orílẹ̀-èdè, mo fi wọ́n wéra. Inú mi dùn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ti ń gbé ìlú náà tipẹ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti wò ó o. Ìlú yín ò wọ́n tó báwọn èèyàn ṣe ń pariwo ẹ̀. Kódà ó rẹlẹ̀ sí àròpín orílẹ̀-èdè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní ìjọba ló kọ ọ́.

"Ó dáa. Ṣé àròpín yẹn ló máa bá ẹ san owó ilé?"

Ó dùn mí díẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àgbà pa mí lẹ́nu mọ́ ni. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, àti pé nọ́ńbà tí mo gbé lé wọn lọ́wọ́ kò tilẹ̀ sọ ohun tí mo rò pé ó sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí mo ti rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣì í kà. Nọ́ńbà tí mo rí ni wọ́n ń pè ní CPI (Consumer Price Index), èyí tó ń sọ bí iye owó ọjà ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Bureau of Labor Statistics, iléeṣẹ́ ìjọba tí a mọ̀ sí BLS, ló ń gbé e jáde, ti gbogbo orílẹ̀-èdè àti ti àwọn ìlú ńlá bíi mélòó kan. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní 100 tiẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, iye tí nǹkan jẹ́ ní ìlú náà fúnra rẹ̀ láàárín 1982 sí 1984 ni wọ́n pè ní 100, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kà á bọ̀. Ẹ rò ó báyìí: a fa ìlà sára ògiri fún ọmọ méjì, a ní ibi tí orí oníkálukú dé lónìí la ó máa pè ní 100. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀kan di 130, èkejì di 120. Ta ló ga jù? Ẹ ò lè mọ̀. Ẹni tó yára ga jù láti ọjọ́ tí a fa ìlà nìkan lẹ lè mọ̀. Ìlú tó ti wọ́n gan-an kó tó di 1982 lè ní CPI tó kéré, kó sì ṣì wọ́n ju gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti gbé rí. BLS fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi í mọ ìlú tó wọ́n ju òmíràn lọ. Ó wà níbẹ̀ kedere. Èmi ni mi ò kà á.

Èyí tó yẹ kí n wò wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn, Bureau of Economic Analysis. Regional Price Parities ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀, 100 kan náà ni gbogbo ibi ń bá díwọ̀n: àròpín orílẹ̀-èdè ni 100, bí ìlú bá jẹ́ 106, a jẹ́ pé ọjà ibẹ̀ fi ìdá 6 nínú 100 wọ́n ju ti orílẹ̀-èdè lọ. Wọ́n ní ti ìpínlẹ̀, wọ́n ní ti ìlú ńlá pẹ̀lú àwọn agbègbè tó yí i ká, wọ́n sì ní ti àwọn ìgbèríko ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá tú u palẹ̀, ẹ máa rí i pé iye tí wọ́n ń ta ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra láti ìlú dé ìlú. Ilé ló ń dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. California àti Hawaii wà lókè, Mississippi àti Arkansas wà nísàlẹ̀, owó ilé ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú àlàfo yẹn.

Nígbà tí mo wá wo nọ́ńbà tó tọ́, ti ìlú ńlá náà súnmọ́ 106. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní, ìdá 6 péré, wọ́n sì fi ìdá 20 kún owó oṣù mi, a jẹ́ pé mo jèrè. Ibi tí mo tún ti ṣubú nìyẹn o. Èmi ò ti inú àròpín kó wá, ìlú kékeré ni mo ti kó wá, ti agbègbè wa sì súnmọ́ 88. Ẹ fi 88 pín 106, ó ju 1.20 lọ díẹ̀. Ohun tí mò ń fi $100 ṣe ní ilé àtijọ́, nǹkan bíi $120 ni mo máa fi ṣe é níbí. Gbogbo ìdá 20 tí wọ́n fi kún un wọlẹ̀ pátá kí n tó ra síbí. Kò sẹ́ni tó ń gbé inú àròpín orílẹ̀-èdè. Bẹ́ ẹ bá ń kó lọ, ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Ìyẹn gan-an ò tíì ka owó orí o. Ìpínlẹ̀ tí a ti kúrò kì í gba owó orí lórí owó oṣù, bíi ti Texas, Florida àti Tennessee. Èyí tí a kó lọ ń gbà á. Nọ́ńbà Regional Price Parities ò sì ka irú owó orí bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn rárá. Owó oṣù àkọ́kọ́ ni mo fi mọ̀. Mo wo ìwé ìsanwó náà lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé wọ́n ṣì í kọ ni.

Nọ́ńbà kan tún wà tí àwọn ilé iṣẹ́ àti ìwé ìròyìn fẹ́ràn láti máa lò, ti àjọ kan tí a mọ̀ sí C2ER, tó ń fi iye ọjà ìlú kan wé ti òmíràn. Láti 1968 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó wúlò, nítorí ó pín ìnáwó sí ọ̀nà ọ̀nà: oúnjẹ, ilé, iná àti fóònù, ọkọ̀, ìwòsàn, àti oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun méjì sọ́kàn. 100 tiwọn jẹ́ àròpín àwọn ìlú tó fínnúfíndọ̀ kópa, kì í ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Apẹ̀rẹ̀ ọjà tí wọ́n sì ń dá owó lé jẹ́ ti ìdílé ọ̀gá níbi iṣẹ́, àwọn tó rí já jẹ. Apẹ̀rẹ̀ ọjà tèmi kì í ṣe ti ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé lórí. Ká ní ilé ní ìlú kan jẹ́ 150, tí gbogbo nǹkan yòókù sì jẹ́ 100. Ẹni tí ilé ń gba ìdá 30 nínú ìnáwó rẹ̀, 115 ni ìlú náà jẹ́ fún un. Ẹni tí ilé ń gba ìdá 45, ó ti di 122 àti ààbọ̀. Ìlú kan náà, ọjọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ owó ẹni kì í kéré kí gbogbo nǹkan kéré pẹ̀lú rẹ̀; àwọn ohun tí a ò lè ṣe aláìní ló máa ń gbilẹ̀. Ernst Engel, ará Jámánì, ti rí i nípa oúnjẹ láti 1857: bí ìdílé bá ṣe tálákà tó ni oúnjẹ ṣe ń gba ìdá tó pọ̀ tó nínú owó wọn. Ní tiwa, ilé ni. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, $44 nínú gbogbo $100 tó wọlé ló ń lọ sọ́dọ̀ onílé.

Èyí sì tún mú mi dé ibi tí ìyàwó mi ti gbọ́n jù mí lọ. Èmi ka iye owó ilé tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ìwé. Òun jókòó ti tábìlì ìdáná pẹ̀lú bírò pupa, ó ka ìwé náà dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Owó ìgbọ́kọ̀sí wà lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó ìkólẹ̀ wà lọ́tọ̀. Owó pípa kòkòrò wà lọ́tọ̀. Owó kan tún wà fún odò ìlúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ti fi tapólì bò ní gbogbo ìgbà tí a dé ibẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó yí ìwé náà sí mi. "Dádì Táyọ̀, èyí ni owó ilé o. Èyí tẹ́ ẹ ń kà yẹn, owó ìlẹ̀kùn ni."

Owó ilé tó wà nínú àròpín tún ní àbùkù mìíràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Gbogbo ayálégbé ni wọ́n ń bi léèrè, títí kan bàbá tó ti wà nínú ilé kan náà láti ọdún 15, tí onílé rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ bù kún un. Ẹ̀yin ò ní rí ilé bàbá yẹn gbà. Iye tí wọ́n ń pè lónìí lẹ máa san. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn báyìí pé kí wọ́n wo Fair Market Rent, iye owó ilé tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ń gbé jáde lọ́dọọdún. Wọ́n ń wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, iná àti omi sì wà nínú rẹ̀. Nínú ilé 100, ilé 40 ló máa wà nísàlẹ̀ iye tí wọ́n kọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ilé tó mọ níwọ̀n ni, kì í ṣe ilé olówó. Láwọn ìlú kan, ó tilẹ̀ máa ń sọ ti ZIP code (nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò) kọ̀ọ̀kan.

ZIP code yẹn ṣe kókó, torí pé ohun tí wọ́n ń pè ní agbègbè ìlú ńlá fẹ̀ ju bí ojú inú wa ṣe ń rí i lọ. Bí ìjọba ṣe là á sílẹ̀, county (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni) tí ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ní àárín ìlú ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Oko lè wà níbẹ̀. Màlúù lè wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá wá ní 106, àárín ìlú àti ibi tí màlúù wà ni wọ́n lù pọ̀ mọ́ra.

Lọ́dún kejì, a kó lọ sí ìkángun ibẹ̀. Owó ilé wálẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ mò ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mò ń san owó títì ní lílọ àti bíbọ̀, táyà sì ń jẹ bíi pé ẹnì kan ń fi eyín gé e. A wá nílò ọkọ̀ kejì, nítorí bọ́ọ̀sì ò dé ọ̀dọ̀ wa. Iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ti kọ́kọ́ fi owó kún tiwa nígbà tí a wọ ìlú. Nígbà tí a kó jáde, wọ́n dín in kù díẹ̀, ọkọ̀ kejì sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Center for Neighborhood Technology ló máa ń ro owó ilé àti ti ọkọ̀ pọ̀, wọ́n ní kí méjèèjì má ju ìdá 45 nínú owó tó ń wọlé lọ. Nígbà tí mo ro tiwa pọ̀, ohun tí kíkó jáde bá wa dín kù nínú oṣù kan kò tó ohun tí a fi ń kún epo lọ́sẹ̀ kan. Mo sì ti fi wákàtí méjì àtààbọ̀ lójúmọ́ san án. Kò sí nọ́ńbà kankan tó ń ka oorun.

Ti àwọn ọmọ, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Ní ìlú àtijọ́, màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bá wa tọ́jú wọn, ohun tí a bá fún wọn ni wọ́n ń gbà. Níbí, owó ibi ìtọ́jú ọmọ méjì lé owó ọkọ̀ bá, ó sì kọjá rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ kúrò nídìí àròpín, ẹ lọ sórí Living Wage Calculator ti MIT, èyí tí Amy Glasmeier dá sílẹ̀. Ó ń wo iye àgbà àti iye ọmọ tó wà nínú ilé, ó sì ń fi owó orí àti ìtọ́jú ọmọ kún un, county sí county. Ká ní mo ti rí i kí n tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, mi ò bá ti bèèrè owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ sọ fún mi nígbà tó yá pé àyè wà láti fi kún un, pé èmi ni mi ò bèèrè.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan pè mí. Wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́ níbí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdá mélòó ni ìlú yín fi wọ́n ju àròpín lọ?" Mo bi í pé àdúgbò wo ni ibiṣẹ́ náà wà. Kò mọ̀. Mo bi í pé èló ló ń ná sórí ilé báyìí nínú $100. Ó dákẹ́. Mo ní ta ni yóò máa gba ọmọ lọ́wọ́ wọn láàárọ̀. Ó ní òun máa bi ìyàwó òun, òun á tún pè mí padà. Mo ní kó mú bírò pupa dání tó bá ń pè.