Ọlọ́runnímbẹ Mamora àti àbá òfin sìgá: iṣẹ́ aṣòfin alátakò lórí ètò ìlera

Ohun tí a sábà máa ń retí lẹ́nu olóṣèlú alátakò ní Nàìjíríà ni ariwo. A fẹ́ kí ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ìjọba nínú ìwé ìròyìn, kí ó fi ìbínú jáde kúrò ní ìjókòó, kí ó sì sọ ohun tí àwọn oníròyìn orí rédíò yóò máa tú palẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. N kò sọ pé ariwo kò ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí n dárúkọ alátakò kan tí ipa iṣẹ́ rẹ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ṣeé tọ́ka sí nínú ìwé òfin ilẹ̀ yìí lónìí, Dókítà Ọlọ́runnímbẹ Mamora ni n óò dárúkọ, iṣẹ́ náà sì ni àbá òfin lórí ìkápá tábà tí ilé náà gbé yẹ̀ wò ní ọdún 2009. Àbá náà rìn jìnnà, ó sì há lójú ọ̀nà. Ibi tí ó há sí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Oníṣègùn ni Mamora kí ó tó wọ òṣèlú. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, abẹ́ àsíá ẹgbẹ́ Alliance for Democracy, tí gbogbo wa mọ̀ sí AD, ni ó ti wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì fi í ṣe Abẹnugan Ilé (Speaker) títí di ọdún 2003. Ní ọdún 2003 yẹn ni àwọn ará ẹkùn Ìlà-Oòrùn Èkó dìbò yàn án lọ sí Àbújá. Ẹni tí ó bá rántí ìdìbò ọdún náà á rántí pé ẹgbẹ́ PDP gba ìjọba ìpínlẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà tí ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn mọ́ AD lọ́wọ́, tí ó wá ku Èkó nìkan. Inú ilé tí PDP ti ní ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjókòó 109 lọ ni ó lọ jókòó sí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní AD, ó di AC, ó tún di ACN, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún mẹ́jọ tí ó fi wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ni wọ́n ń ṣe ìjọba àpapọ̀.

Ọ̀rọ̀ sáà kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lè ní àyè láti díje lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wà lára àwọn tí wọ́n takò ó ní gbangba, ilé náà sì da àbá ọ̀hún nù ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006. Ìyẹn yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n dídá nǹkan dúró ni iṣẹ́ tí alátakò máa ń tètè rí alábàáṣe fún, pàápàá nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìjọba fúnra wọn ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí alátakò kọ òfin tuntun, kí ó sì mú un la gbogbo ipele kọjá, ìyẹn ni iṣẹ́ tí ó le.

Kí Mamora tó gbé àbá tirẹ̀ wá, àṣẹ ológun ọdún 1990 ni òfin tí a gbójú lé lórí sìgá. Àṣẹ náà ka mímu sìgá léèwọ̀ ní àwọn ibì kan bíi ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti inú ọkọ̀ èrò, ó sì ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára páákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n owó ìtanràn inú rẹ̀ kéré débi pé kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣètò lórí ìkápá tábà, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005. Ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí, nítorí abala 12 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àdéhùn tí ìjọba wa bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin nílé, àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Ọdún ń gorí ọdún, orúkọ wa wà nínú ìwé àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, síbẹ̀ alátẹ ń ta sìgá fún ọmọdé bí ó ṣe ń tà á tẹ́lẹ̀. Àlàfo yìí ni dókítà láti ẹgbẹ́ alátakò fẹ́ dí.

Àkókò náà kò rọrùn. Ní ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ British American Tobacco ṣí ibi ìṣesìgá ńlá kan sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n fi 150 mílíọ̀nù dọ́là gbé kalẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdókòwò. Ní Òkè-Ògùn, àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn àti àgbègbè rẹ̀ ti ń gbin tábà fún àwọn oníṣẹ́ sìgá láti ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ fi òfin ká sìgá lọ́wọ́ kò ní ṣàì kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè nípa iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, owó orí tí ó ń wọ àpò ìjọba, àti ohun tí àgbẹ̀ yóò jẹ. Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá ni àwọn tí ó kàn. Ohun tí ó máa ń bí mi nínú ni pé àwọn tí wọ́n ń béèrè kì í ka owó tí ìdílé ń ná lórí aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró àti aláìsàn jẹjẹrẹ mọ́ ìṣirò wọn, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí ètò adójútòfò ìlera kò tíì kárí, ọmọ àti ìyàwó aláìsàn ni wọ́n ń ta ilẹ̀ àti ọkọ̀ láti fi san owó ilé ìwòsàn.

Kò sì sí ìbò nínú irú àbá bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2012 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ àgbàlagbà ni ó ń lo tábà, ìyẹn ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi wé ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, iye yìí kéré. Olóṣèlú tí ó ń wá ohun tí wọn yóò fi pàtẹ́wọ́ fún un yóò wo iye náà, yóò sì ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì le. Oníṣègùn tí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sìgá ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè má dùbúlẹ̀ àìsàn títí di àádọ́ta ọdún yóò sọ pé ìsinsìnyí tí wọn kò tíì pọ̀ ni ó yẹ kí òfin dé. Ilé ìwòsàn tuntun ní ẹnu ọ̀nà tí a lè gé rìbọ́ọ̀nù níbẹ̀, ó sì ní ògiri tí a lè kọ orúkọ aṣòfin sí. Ọmọ tí kò mu sìgá rárá nítorí pé kò rí i rà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá ilé ìwé rẹ̀ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnìkan ṣe òun lóore. Mo ka èyí sí ẹ̀rí pé ọkùnrin náà mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí olóṣèlú kì í sábà fi ọdún púpọ̀ lé ohun tí kò lè fi ṣe ìpolongo.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí ètò ìlera nínú ilé náà pe ìpàdé ìta gbangba lórí àbá náà. Àwọn oníṣègùn wá, àwọn oníṣẹ́ sìgá wá, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ bíi Environmental Rights Action náà sì wá. Alága ìgbìmọ̀ yìí ni Sẹ́nétọ̀ Ìyábọ̀ Ọbásanjọ́-Bello, ọmọ ẹgbẹ́ PDP, tí í ṣe ọmọ ààrẹ tí ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn ṣí nígbà ìjọba rẹ̀. (Oníṣègùn ẹranko ni òun náà, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí àrùn ṣe ń tàn káàkiri àwùjọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ tábà kò ṣàjèjì sí i.) Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn àbá òfin sábà máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó gbé e wá nìkan. Alátakò lè kọ àbá rẹ̀ kí ó dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìjọba ni ó ń yan alága ìgbìmọ̀, alága sì ni ó ń pe ìpàdé. Bí alága bá pinnu láti fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, inú dúrọ́ọ̀ ni yóò wà. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni a fi rí àbá náà padà nínú ilé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin sì tẹ̀lé e ní oṣù Karùn-ún. Oṣù Kẹfà ni sáà Mamora parí, ó sì kúrò nílé. Ààrẹ Goodluck Jonathan kò buwọ́ lù ú.

Abala 58 nínú ìwé òfin wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí sínú òkùnkùn. Ó fún ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sọ bóyá òun fọwọ́ sí àbá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i tàbí òun kò fọwọ́ sí i, bí ó bá sì kọ̀, ilé méjèèjì lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. A sì mọ̀ pé agbára yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán, nítorí ọ̀nà náà ni wọ́n gbà dá àjọ NDDC, tí ó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, sílẹ̀ ní ọdún 2000 nígbà tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ kọ̀ láti buwọ́ lu òfin rẹ̀. Wọn kò lò ó fún òfin tábà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ nígbà náà pé nítorí pé alátakò ni ó gbé àbá náà wá ni ààrẹ fi pa á tì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àbá òfin ètò ìlera lápapọ̀, èyí tí Sẹ́nétọ̀ Ọbásanjọ́-Bello fúnra rẹ̀ gbé wá láti inú ẹgbẹ́ ìjọba, tí ilé méjèèjì fọwọ́ sí ní ọdún 2011 kan náà, kò rí ìbuwọ́lù. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀ kí ó tó di òfin ní ọdún 2014. Ohun tí ó so àwọn àbá méjèèjì pọ̀ ni pé òpin sáà ni wọ́n bọ́ sí, àwọn tí wọ́n ni wọ́n kò sì padà sílé ní oṣù Kẹfà. Ẹni tí ó jókòó sórí àga Mamora lẹ́yìn rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Ẹ̀bi ààrẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwọn aṣòfin tí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn bọ́ sílẹ̀ wúwo jù lójú mi.

Ní àárín àkókò yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ kan kò dúró de Àbújá. Ọ̀ṣun ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí mímu sìgá ní gbangba ní ọdún 2009, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2014.

Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó padà gbé àbá tuntun wá sí sáà ilé tí ó tẹ̀lé e, Ààrẹ Jonathan sì buwọ́ lù ú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó gbé ìjọba sílẹ̀. Òfin náà ka títa sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 léèwọ̀, ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan mọ́, ó dí ìpolówó lọ́wọ́, ó sì ní kí ìkìlọ̀ gba ìdajì ojú páákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí ọwọ́ Mamora nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò rí ọwọ́ àwọn mìíràn pẹ̀lú. Wọ́n fi aṣojú ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba ìjọba nímọ̀ràn lórí tábà, èyí tí ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n gbà kí àwọn ibì kan ní yàrá ìmusìgá. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n ní ìlànà tí mínísítà bá ṣe lábẹ́ òfin náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi bí ilé méjèèjì bá fọwọ́ sí i, nítorí èyí, ọdún 2019 ni ìlànà náà tó jáde.

Ní ọdún 2019 yìí kan náà ni wọ́n yan Mamora ní Mínísítà Kejì (Minister of State) fún ètò ìlera, ipò tí ó wà títí di ọdún 2022. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ẹgbẹ́ ìjọba. Àrùn kòrónà dé lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, ó sì gba gbogbo àkókò ilé-iṣẹ́ náà, mo mọ̀ ọ́n fún wọn. Síbẹ̀, mo retí kí ẹni tí ó bí òfin náà sọ̀rọ̀ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìmúṣẹ rẹ̀, nítorí alátẹ ṣì ń ta sìgá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo igun òpópó, tí ó so iná mọ́ okùn kí oníbàárà lè tàn án lójú ẹsẹ̀. Àjọ tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, ni mo rí tí ó gbé ìgbésẹ̀ tí ó ní eyín, nígbà tí ó kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé British American Tobacco yóò san 110 mílíọ̀nù dọ́là lẹ́yìn ìwádìí lórí bí ó ṣe ń ṣòwò ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ tí ó kù wà nílẹ̀ fún aṣòfin tí ó bá fẹ́ ṣe é. Ó yẹ kí a yọ aṣojú àwọn oníléeṣẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà, kí mínísítà lè ṣe ìlànà láìdúró de ìbò ilé méjèèjì, kí a pa yàrá ìmusìgá rẹ́, kí òfin sì dárúkọ sìgá oníbátìrì àti àpò nikotíìnì kéékèèké tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi sábẹ́ ètè, tí kò sí lọ́jà wa nígbà tí wọ́n ń kọ àbá àkọ́kọ́. Aṣòfin alátakò tí ó bá gbé e wá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí ó sì wá alága ìgbìmọ̀ tí yóò bá a pe ìpàdé ní kíákíá, yóò ní ọdún méjì ó kéré tán láti bá ààrẹ fà á kí sáà tó parí.