Kálípà Tó Ń Làágùn: Ibi Tí A Dé Lórí Mọ́tò Oníjókòó Kan Wa ní Àjàṣẹ́

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé lórí bíréèkì nìkan. Àwọn aládùúgbò ń béèrè ìgbà tí mọ́tò náà máa jáde lọ́gbà, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá lè dúró, n ò ní jẹ́ kó sáré.

Ìlànà Formula SAE, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ń kan mọ́tò eré-ìje tiwọn, ni a mú ṣe òṣùwọ̀n, bí kò tiẹ̀ sẹ́ni tó máa wá yẹ tiwa wò. Kò sọ iye písítìn tí kálípà, ìyẹn apá bíréèkì tí epo ń tì kó lè fún páàdì mọ́ díìsì táyà, gbọ́dọ̀ ní. Ohun tó sọ ni pé kí bíréèkì mú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọ̀nà epo bíréèkì jẹ́ méjì tí kò papọ̀, tí ọ̀kan bá jò, kí èkejì ṣì mú táyà méjì. Pẹ́dàlì náà gbọ́dọ̀ gba 2000 N kí nǹkankan má yẹ̀. Ìyẹn tó nǹkan bíi 200 kílò.

Ẹ̀bi mi ni kálípà àkọ́kọ́. Nítòsí ilé wa ni àwọn kan ti ń yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù dà sí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi da méjì. Ó dán, ó wuni. A so ó mọ́ férémù, a wá ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì, 50 kílò lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́ pẹ́dàlì. Àpò kìíní, kò sí nǹkan. Àpò kejì, àbúrò mi pariwo:

“Ẹ̀gbọ́n, ó ń làágùn o!”

Lóòótọ́, epo ń yọ lára irin fúnra rẹ̀, kì í ṣe létí rọ́bà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á ló lu ú ní ihò wínníwínní. Ọbẹ̀ kì í ti ìkòkò bí epo bíréèkì ṣe ń ti kálípà.

Èkejì, bàbá tọ́nà kan ní Ouando, ládùúgbò kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ló gbẹ́ ẹ láti inú odindi alumíníọ̀mù 6061. Písítìn ọ̀kadà 32 mm ni a lò, kí rọ́bà rẹ̀ má bàa wọ́n wa. Àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn ún, ẹ̀kán kan kò jò. Inú wa dùn títí mo fi fi fáníà, irinṣẹ́ tó ń wọn ohun tíńtín, wọn ẹ̀yìn rẹ̀: ó ti là ní 0.6 mm! Abájọ tí pẹ́dàlì fi rọ̀ bí tìmùtìmù. Kálípà, tàbí étrier bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù níbí ṣe ń pè é, kò ní láti fọ́ kó tó bà wá jẹ́. Bí afárá tó so ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bá ti ń tẹ̀, epo tó yẹ kó ti páàdì á kàn máa dí àlàfo.

Bàbá ní ká lọ wá alumíníọ̀mù 7075. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ìyẹn kì í tètè já ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.” Ìnípọn ló kù. A sọ afárá di 18 mm láti 12. Bí irin bá fi ìdajì nípọn sí i, líle rẹ̀ lòdì sí títẹ̀ á lé ní ìlọ́po mẹ́ta. A tún wọ̀n ọ́n: 0.2 mm. Mo fẹ́ kó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ríìmù ti fẹ́ máa ha á.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa mọ̀ọ́mọ̀ tú páìpù ẹ̀yìn, ká wo bóyá iwájú nìkan á mú un dúró. Sìmẹ́ǹtì ni kò ní sí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́lé ló ni ín, ó sì ti ránṣẹ́ wá gbà á.