Òpó Rédíò Ẹsẹ̀ Bàtà 70 Lẹ́yìn Ilé: Ọ̀rọ̀ Ààlà Ló Le, Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Gíga

Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò amateur radio, rédíò tí ènìyàn ń fi bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgba owó, ní Amẹ́ríkà, tí FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, sì fún ní orúkọ ìpè tirẹ̀, ti gba àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Kò tíì gba àṣẹ láti ri irin mọ́lẹ̀. Káúǹtì, tí í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀, tàbí ìlú tí ilé rẹ̀ wà ló ń fúnni ní èyí, wọ́n sì ní ìwé òfin tiwọn lórí ohun tí a lè kọ́ sórí ilẹ̀, bó ṣe lè ga tó, àti bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Mo ti la ọ̀nà yìí kọjá ní àríwá Virginia, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ṣe é, pàápàá àwọn tó rò pé orí gíga òpó ni gbogbo wàhálà wà. Ní tèmi, gíga ló rọrùn jù. Ààlà ilẹ̀ ló fẹ́ dá mi dúró.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ béèrè ohun tí gbogbo ènìyàn padà wá béèrè: "Bàbá Fẹ́mi, ṣé másìtì MTN lẹ fẹ́ gbé sẹ́yìn ilé ni? Kí ló dé tí wáyà tó wà lórí igi kò fi tó?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí nínú ilé ara rẹ̀, kò tíì yẹ kó lọ sí ọ́fíìsì káúǹtì. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Lórí báǹdì mítà 20, ìyẹn ìgbì rédíò tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 20, èyí tí èmi fẹ́ràn jù fún bíbá ilé sọ̀rọ̀, bí eríálì bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 35, tí í ṣe nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì kan, ibi tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù máa ń kọrí sókè ní nǹkan bí dígírì 30. Bí a bá gbé e dé ẹsẹ̀ bàtà 70, tó tó odindi ìgbì kan, yóò rẹlẹ̀ wá sí nǹkan bí dígírì 15. Ìgbì tó bá rẹlẹ̀ báyìí ló máa ń jìnnà kó tó padà kan ilẹ̀. Ìfò rẹ̀ kì í pọ̀, ohun tó sì ń pàdánù lójú ọ̀nà máa ń kéré. Láti agbègbè Washington dé Èkó tó nǹkan bí kìlómítà 8,700, ìlà-oòrùn gan-an ni a sì máa kọjú eríálì sí láti dé ibẹ̀. Pẹ̀lú wáyà orí igi, mo máa ń gbọ́ àwọn tí orúkọ ìpè wọn fi 5N bẹ̀rẹ̀ láti Nàìjíríà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, àwọn kì í sì í sábà gbọ́ mi rárá. Àlàyé yìí ni mo yà sórí ìwé, pẹ̀lú àwòrán ìgbì ní gíga méjèèjì, òun ló sì di ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí mo fi sílẹ̀ ní káúǹtì.

Òfin tí gbogbo wa ń fẹ̀yìn tì ni PRB-1, ìpinnu tí FCC ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, tó ti wà nínú ìlànà amateur radio fúnra rẹ̀ báyìí, ní ìpín 97.15. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ lè ṣe òfin lórí òpó wa, ṣùgbọ́n òfin náà kò gbọ́dọ̀ dènà ìbánisọ̀rọ̀ amateur. Ó gbọ́dọ̀ fi òye gbà á láyè, kò sì gbọ́dọ̀ le ju ohun tí ìjọba náà nílò lọ láti mú ète rẹ̀ tó bófin mu ṣẹ. Ẹ tún un kà dáadáa. Kò dárúkọ iye ẹsẹ̀ bàtà kankan, kò sì sọ pé dandan ni kí wọ́n fún yín ní ohun tí ẹ béèrè. Èyí ni àwọn kan kì í rí, tí wọ́n á fi wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé PRB-1 lọ́wọ́ bí ẹni tó mú àṣẹ ọba dání.

Àwọn ẹjọ́ tó ti wáyé fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Ní Mendota Heights, ìpínlẹ̀ Minnesota, obìnrin kan béèrè fún eríálì ẹsẹ̀ bàtà 68 níbi tí òfin ìlú ti fi 25 ṣe òpin. Ìlú náà kọ̀, ṣùgbọ́n ní 1994 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dá obìnrin náà láre, pé ìlú kò ṣe ohun tó yẹ kó ṣe láti gbà á láyè. Ní Columbia, ìpínlẹ̀ South Carolina, ọkùnrin kan béèrè fún 65 níbi tí òfin ti fi 17 ṣe òpin; wọ́n kọ̀ fún un, ó sì pàdánù ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 1990. Kóòtù tó dá ẹjọ́ Columbia yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni Virginia náà wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé lọ́dọ̀ wa tó sì gbójú lé PRB-1 nìkan, orí iyanrìn ló ń kọ́lé sí.

Ohun tó gbà wá ní Virginia ni òfin ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, ìpín 15.2-2293.1. Ó ní níbi tí àwọn ènìyàn kò bá ti ju 120 lọ lórí máìlì onígun mẹ́rin kan, gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 1990 ṣe kà á, ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi òpin gíga eríálì amateur sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 200. Níbi tí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ fi sí ìsàlẹ̀ 75. Àdúgbò wa kún bámúbámú, 75 ló kàn wá, èmi sì béèrè fún 70. Bí a bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà tún ní ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe ìlànà tó bá ọgbọ́n mu lórí ibi tí òpó yóò dúró sí, bí yóò ṣe jìnnà sí ààlà tó, bí a ó ṣe bò ó lójú, àti ààbò rẹ̀. Ibẹ̀ ni káúǹtì ti mú mi.

Ìlànà tiwọn ni pé òpó gbọ́dọ̀ jìnnà sí gbogbo ààlà ní ìwọ̀n gíga ara rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́: bí ó bá wó, orí ilẹ̀ olówó rẹ̀ ni yóò wó sí. Ilẹ̀ mi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 110, ó sì gùn ní 200. Bí mo bá gbé òpó sí àárín gbùngbùn ìbú rẹ̀, 55 ni yóò fi jìnnà sí ọgbà apá ọ̀tún àti ti apá òsì. Ìyẹn ni pé òpó tó ga jù tí mo lè gbé kalẹ̀ kò ju 55 lọ, bí ìpínlẹ̀ tilẹ̀ ti sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi òpin sí ìsàlẹ̀ 75. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá fẹ̀ tó 150 kò lè lo àǹfààní òfin náà tán láéláé, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní òpópónà wa. Ìṣirò yìí ni mo gbé síwájú òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò. Mo pè é lórí fóònù ná, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi láyè kí a jọ wo ìwé àwòrán ilẹ̀ náà kí n tó san owó kankan, ó sì gbà. Kò bá mi jiyàn. Ó ní òun kò ní agbára láti yí ìlànà padà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí ìlò ilẹ̀ lè dín jíjìnnà náà kù bí mo bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ìjókòó gbangba. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí ibi tí òun rò pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yóò ti béèrè ìbéèrè. Àmì yẹn wúlò fún mi ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ.

Òun náà ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wo irú òpó mìíràn. Èyí tí mo ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ni ti onígun mẹ́ta tí a ń fi okùn irin dì mọ́ ilẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Ó dínwó, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ á gba gbogbo ẹ̀yìn ilé. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń dá dúró láìsí okùn, tí ara rẹ̀ ń wọnú ara wọn, tí a sì lè fi ẹ̀rọ fà sókè dé 70 nígbà tí a bá ń lò ó, tí a óò rọ̀ ọ́ wálẹ̀ dé nǹkan bí 23 nígbà tí a kò bá lò ó tàbí tí ìjì bá ń bọ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ ààlà padà, nítorí òpó ẹsẹ̀ bàtà 23 ni yóò wà lójú afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ ìjì, àlàfo 55 sì ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ Virginia fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lu ìṣirò agbára afẹ́fẹ́ àti ti ìpìlẹ̀.

Ti aládùúgbò kù. Káúǹtì a máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá ẹni pààlà kí ìjókòó tó wáyé, kò sì dára kí ó jẹ́ ẹnu káúǹtì ni wọn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà wa ni mo kọ́kọ́ lọ kí. Kò béèrè nípa rédíò rárá. Ohun tó ń dà á láàmú ni ohun tí yóò máa rí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, mo so bàlúùnù pupa ńlá kan mọ́ okùn ìpẹja tí mo ti sàmì sí ní ẹsẹ̀ bàtà 70, mo fi í sókè láti ibi tí òpó yóò wà gan-an, mo sì lọ dúró tì í nídìí fèrèsé náà. Àwọn igi óòkù tó wà láàárín wa bo okùn náà títí dé òkè, bàlúùnù nìkan ló yọ orí. Ó wò ó títí, ó ní òun rò pé yóò ga ju báyìí lọ. Mo sọ fún un pé bàlúùnù kò tó eríálì, nítorí apá eríálì yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 34 láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, mo sì fi àwòrán tí mo ya apá náà sí hàn án kí ó má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo tan òun. Mo ya fọ́tò láti ojú fèrèsé yẹn àti láti òpópónà, mo fi wọ́n mọ́ ìwé mi.

Níbi ìjókòó, aládùúgbò mìíràn, tí kò gbà kí n wá sílé òun, ní tẹlifíṣàn àwọn yóò máa dàrú. Alága ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn pé èyí kò sí lọ́wọ́ àwọn: láti ọdún 1982 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ìdàrúdàpọ̀ ìgbì rédíò sọ́wọ́ FCC nìkan. Nígbà tí wọ́n béèrè nípa ìtànṣán, mo fi ìṣirò tí FCC ń fẹ́ kí àwa oníṣẹ́ amateur máa ṣe hàn wọ́n. Bí eríálì bá ṣe jìnnà sókè sí ènìyàn tó ni ìtànṣán tó ń kan án ń dín kù tó, èyí sì tún gbe ọ̀rọ̀ gíga lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ iye owó ilé pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí wá. Ìyá àgbà dìde, ó ní òun ti rí bàlúùnù náà, òun kò sì ní ìjà kankan níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú àdéhùn: kí n máa rọ òpó wálẹ̀ nígbà tí n kò bá lò ó, kí n fi ohun tí ọmọdé kò lè gùn bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí n má sì ṣe yá ilé-iṣẹ́ fóònù kankan láyè lórí rẹ̀.

Ìwé ìgbìmọ̀ kì í ṣe ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ọ́fíìsì mìíràn ni mo tún lọ fún ìyẹn. Kí a tó gbẹ́ ihò ìpìlẹ̀ tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, mo pe 811, nọ́ńbà fóònù tí a ń pè kí a tó gbẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀dà sàmì sí ojú ọ̀nà wáyà iná àti páìpù gáàsì lábẹ́ ilẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Olùyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ rí irin inú ihò náà kí a tó da kọnkéré sí i. Ẹni tó bá ti dà á kí olùyẹ̀wò tó dé, wọ́n lè ní kí ó hú u jáde.

Gbogbo èyí tí mo sọ, fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ onílé tí wọ́n ń pè ní HOA ni o. PRB-1 kò de àdéhùn tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ nígbà tó ń ra ilé. Àbádòfin kan tó fẹ́ tún un ṣe, Amateur Radio Parity Act, kọjá nílé aṣojú-ṣòfin ní 2016 àti ní 2017, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin àgbà kò sọ ọ́ di òfin. Òfin tí kò jẹ́ kí àwọn HOA dènà àwo sátẹ́láìtì kékeré láti 1996 kò sì kan eríálì tiwa. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ilé rà ní Virginia tí ẹ sì ní òpó lọ́kàn, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín wá ilé béèrè ìwé HOA náà látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá apá tó sọ̀rọ̀ eríálì níbẹ̀ kí ẹ tó wo ilé ìdáná tàbí yàrá. Òfin ìpínlẹ̀ fún olùrà ní ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn tí ìwé náà bá dé ọwọ́ rẹ̀, láti yọwọ́ nínú àdéhùn láìsí gbèsè.